Ọmọ mi àfín àti oòrùn Kabba: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àfín ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8 ni, Kabba níbí la ń gbé. Láràárọ̀ ni mo ń wo ìwọ̀n UV, ìyẹn agbára ìtànṣán oòrùn tó ń jó ara, lórí fóònù. Tó bá ti di 3, ó yẹ ká dáàbò bo ara. Lọ́sàn-án níbí, ó lè kọjá 11! Ìkùukùu pàápàá kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró. Mo ti ra akẹtẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìpara SPF 30 tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n aago 12 gan-an ni wọ́n ń ṣeré níta nílé-ìwé, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá. Ta ni yóò bá mi tún fi ìpara náà pa á lára lẹ́yìn wákàtí 2? Báwo ni kí n ṣe bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n má bàa yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ àfín dàgbà, ẹ jọ̀ọ́.