Lórí «àkúnwọ́sílẹ̀» inú ìkéde curl: àkúnya ni, ohùn àárín sì ni «ya»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, láti Adó-Èkìtì.

Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, èyí tí wọ́n ṣe fún ìkéde àtúnṣe ààbò curl 8.4.0 (ètò tí a fi ń gba nǹkan, tí a sì fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni curl), tó jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú fo gbólóhùn yìí: «A ti tún àkúnwọ́sílẹ̀ inú curl ṣe fún gbogbo ẹni tó ń lò ó.»

Àkúnwọ́sílẹ̀ kẹ̀, fún «overflow»? Ọ̀rọ̀ ìbùkún! Àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀: ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú Lúùkù orí kẹfà? Bí ẹ bá ka gbólóhùn yẹn sétí ìyá àgbà kan ní Ìkéré, «Àmín» ni wọn yóò ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí olè lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ọmọ wọn là ń sọ.

Ká tiẹ̀ fi ti àdúrà sílẹ̀, ká wo «wọ́» fúnra rẹ̀. Wọ́ inú «igi wọ́wé» ni. Ewé tó bá wọ́, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ohun tó kún tó sì wọ́sílẹ̀ kò ṣe aládùúgbò ní nǹkan kan. Ẹni tó gbe ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn tó ní «wọ́» lè jẹ́ ti ohun tó bàjẹ́, tó fi «àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́» ṣe ẹ̀rí, wọ́ mìíràn ló mú wá. Orí ọmọ kì í wọ́ sílẹ̀. Ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú curl gan-an? Bí èèyàn bá gba ọ̀dọ̀ sáfà alárinà (proxy) tó ń lo ìlànà SOCKS5 kọjá, tó sì ní kí alárinà bá òun wá àdírẹ́sì sáfà tí òun ń lọ, orúkọ sáfà náà tó bá fi rán an kò gbọdọ̀ ju báìtì 255 lọ, torí báìtì ẹyọ kan ni wọ́n fi ń kọ gígùn rẹ̀. curl mọ èyí. Bí orúkọ bá gùn jù, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wá àdírẹ́sì náà. Àmọ́ bí alárinà bá ń falẹ̀, tí curl ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ìpinnu tó ti ṣe á ti sọnù, á wá máa da orúkọ gígùn náà sínú àyè tí kò gbà á. Èyí tó ṣẹ́ kù kò bọ́ sílẹ̀ o! Mẹ́mọ́rì kò ní ilẹ̀ tí nǹkan ń dà sí. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ya wọ̀, ó sì ń pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́. Láti 7.69.0, ní ọdún 2020, títí dé 8.3.0 ni àléébù yìí fi wà níbẹ̀.

A kúkú ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó kún tó wọ ilé onílé. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ìyá mi, ọmọ Ìgèdè níbi tí Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, kò sọ ọ́ rí pé odò wọ́sílẹ̀. «Ó kún àkúnya» ni wọ́n máa ń wí, wọn á sì rán wa lọ wo ẹ̀gẹ́ etí odò bóyá ó ṣì dúró. Àwọn tó ń sọ Yorùbá báyẹn ti ń tán lọ, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ń kọ ọ́ ní «àkúnyà», ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kúrò. Arìnrìn-àjò ló ń yà sílé ọ̀rẹ́. Odò pàápàá lè yà sí ọ̀nà méjì láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ya, ohùn àárín, ni ti omi tó já wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ẹnìkan ní ará Èkìtì tó ń pe ilé ní «ulé», igi ní «ugi», kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló kan à- àkúnya nínú ìyẹn? Olùkọ́ ni bàbá mi. Wọ́n ń sọ ulé nílé, wọ́n ń kọ ilé sára pátákó, wọn ò da méjèèjì pọ̀ rí. Ẹni tó bá dàgbà sáàárín èdè àdúgbò àti Yorùbá ajùmọ̀lò, etí rẹ̀ kì í di sí ìyàtọ̀. Mo ṣì ń retí kí onítọ̀hún dá mi lóhùn lórí èyí.

«Gbogbo ẹni tó ń lò ó» kò tọ́ náà. Curl tí a ń tẹ̀ lórí ìlà àṣẹ máa ń ya àyè báìtì 102400 sọ́tọ̀, orúkọ yẹn á gbà síbẹ̀, àfi bí èèyàn bá fi --limit-rate dín ìyára kù sí ìsàlẹ̀ báìtì 65541 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ètò mìíràn tó ń lo libcurl (kóòdù curl tí wọ́n ń fi sínú ètò mìíràn) lewu wà fún jù. Ẹ má dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa lásán.

Mi ò sì fara mọ́ «kòkòrò» (bug) tí wọ́n lò fún àwọn àtúnṣe tó kù. Ìta ni kòkòrò ti ń wọlé. Daniel Stenberg, ará Swídìn tó dá curl sílẹ̀, sọ ní gbangba pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe SOCKS5 yìí ti wá. Àléébù nìyẹn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ràn kòkòrò, ẹ jẹ́ ká ṣí àròyé rẹ̀ lọ́tọ̀.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kó rọ́pò ti àná rèé: «curl 8.4.0 ti tún àléébù àkúnya kan ṣe nínú SOCKS5. Bí orúkọ sáfà bá ju báìtì 255 lọ, yóò kọ̀ ọ́.» Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí i padà kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.