Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìrírí wa níbi tí a ti fi páálí àti ẹ̀wà wo agbára

Ìyá Aránṣọ (Mararaba)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mararaba níbí, lójú ọ̀nà Keffi, ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la dáwó gbẹ́ borehole kan ládùúgbò: Gbagyi, Hausa, Tiv, àwa Yorùbá. Síbẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ọwọ́ mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, la ti ń ra omi.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì wá bá wa. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gé páálí roboto, ńlá àti kékeré, wọ́n ní kí a mú èyí tó tóbi jù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá múlẹ̀ jù lórí omi, kí a tò wọ́n sórí iyanrìn. Àwọn ọkùnrin gbé ńlá fún ẹgbẹ́ onílé. Àwa obìnrin jókòó lọ́tọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a ò tiẹ̀ jiyàn rárá: ọmọkùnrin tó ń mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi la gbé tiwa fún. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Gbagyi, tí àwọn bàbá rẹ̀ ni ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀, mú páálí tó kéré jù, ó gbé e sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ó ní òun nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a ya àwòrán ohun tí a ń ṣe lójúmọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sunday ni wọ́n ń ṣí omi. Aago mẹ́rin yẹn náà ni ìpàdé àdúgbò, nígbà tí àwa obìnrin wà nídìí omi! Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé obìnrin ò fẹ́ràn ìpàdé, èmi gan-an sì gbà á gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé àwòrán tó dà bí àpótí tí John Gaventa, olùwádìí kan ní Yunifásítì Sussex ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, fi ń wo agbára. Ìrísí mẹ́ta ló ní: èyí tó hàn sójú táyé, èyí tó fara pa mọ́, tó ń yan ẹni tí wọn yóò pè àti ohun tí wọn yóò jíròrò, àti èyí tó ti wọ̀ wá lọ́kàn tí a fi ń rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀kẹta yẹn ló mú mi.

Ìpàdé ti bọ́ sí alẹ́ báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ti di méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ obìnrin. Iye tí mai ruwa ń gbà kò tíì dín.

Bàbá Ìbàdàn (Kaduna)

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Tiwa ò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ní kí a fi ṣe ìdíwọ̀n ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ojú mai unguwa, olórí àdúgbò, la sì jókòó sí, onílé àti ayálégbé pọ̀. Ta ló máa sọ òótọ́ níbẹ̀? Robert Chambers, olùwádìí tó sọ ọ̀nà yìí, tí ará ìlú fi ń fúnra wọn yẹ ìgbé ayé wọn wò, di mímọ̀ káàkiri ayé, ní kí olùdarí fi igi ìkọ̀wé lé ará ìlú lọ́wọ́. Olùdarí tiwa ò jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀kì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ya fọ́tò ohun tí a tò, ó sì gbé e lọ. Kò pẹ́ tí onílé fi ń bi ìyàwó mi ìdí tó fi kó ẹ̀wà jọ síwájú orúkọ òun.

Ìyá Aránṣọ (Mararaba)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ bá mi kí Màmá. Àwa ò jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò kankan. Ilé ìyá àgbà yẹn ni àwọn páálí náà wà títí dòní.