Ìdàpọ̀ kọ́, ìgbémì ni

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà Acquire, eré orí ọpọ́n tí a ti ń dá ilé-ìtura sílẹ̀ tí a sì ń ra ìpín nínú wọn (ẹ̀yà ti kọ̀ǹpútà tí Avalon Hill gbé jáde ní 1980), bi wá léèrè lánàá ohun tí a máa pe tile, ìyẹn ègé pẹlẹbẹ tí a ń tò sórí ọpọ́n, àti merger, ìyẹn ìgbà tí ilé-ìtura méjì bá kanra.

Táìlì tí ọ̀pọ̀ yín dá lábàá, ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ń mú wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí a fi ń ta ayò, ṣebí ọmọ là ń pè é? Ojú 108 ló wà lórí ọpọ́n Acquire, láti 1-A dé 12-I, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú tirẹ̀. Ẹnì kan ní kò sí ọmọ nínú kọ̀ǹpútà, pé kò sí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú. Ṣé àwọn tó ń ta ayò lórí fóònù ti wá yí orúkọ ọmọ ayò padà ni? (Ẹni tó ní ká pe ọmọ tí kò ṣeé fi lélẹ̀ mọ́ ní àbíkú pa mí lẹ́rìn-ín. Àbíkú máa ń padà wá. Èyí, wọ́n á jù ú nù ni, wọ́n á mú òmíràn.)

Ní ti merger, ibi tí mo ti kọ̀ jálẹ̀ ni "ìdàpọ̀". Nígbà tí báǹkì 89 di 25 ní Nàìjíríà, gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo eré tí Sid Sackson ṣe yìí: ilé-ìtura Tower ní ọmọ 5, ilé-ìtura Imperial ní 3, mo wá fi ẹyọ kan sáàárín wọn. Tower di 9, Imperial pòórá. Kí ló dà pọ̀ níbẹ̀? Tower gbé Imperial mì ni, ìgbémì ni mo sì ní ká pè é.

Ìyá wa kan ní ìgbémì ń dẹ́rù bani. Ẹja gbé Jónà mì, Jónà ṣáà jáde láàyè. Ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù nínú Imperial yẹn á gba dọ́là 5,000 lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ 6,000 péré ni wọ́n fún un tó fi bẹ̀rẹ̀ eré.

Tí ilé-ìtura bá sì pé ọmọ 11, kò sẹ́ni tó lè gbé e mì mọ́. Ẹ fi "ìdàpọ̀" kọ ìyẹn kí n rí i. "Kò lè dà pọ̀ mọ́"? Irọ́ ni, torí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè gbé kékeré mì.