AC Sienna 2005: ó ń tutù bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Awakọ̀ Ọ̀jọ̀ọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Sienna tòkunbọ̀ ni, Ìbàdàn sí Èkó ló ń ná. Lórí eré, AC iwájú a máa tutù díẹ̀. Bí a bá ti há sí Berger, ooru ló kù. Ti ẹ̀yìn kò tutù rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi gáàsì kún un láàárín oṣù márùn-ún. Wọ́n ní kí n ra kọ̀m̀prẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC. Ṣé kí n rà á?

Rìwáyà Abẹ́òkúta
Ẹ má tíì rà á. AC tó ń tutù lórí eré, tó ń gbóná lójú kan, ẹ kọ́kọ́ fura sí atẹ́gùn tí kò tó lára kọndẹ́ńsà, èyí tó dà bíi rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀, tó ń tú ooru gáàsì dànù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ AC, ẹ wo fáànù méjèèjì. Èyí tí kò bá yí, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ fún un ní iná bátìrì tààrà. Bó bá yí, ẹ wá fíùsì àti réláyì tó ń tan fáànù lọ. Bí kò bá yí, mọ́tò rẹ̀ ti kú. Fáànù tó ń yí láìlágbára náà kò wúlò. Ẹ gbé bébà kan síwájú kọndẹ́ńsà: ó yẹ kó fà á mọ́ra, kó má já bọ́.

Ẹ fọ kọndẹ́ńsà náà. Omi àti ọṣẹ, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń tu omi líle máa ń tẹ àwọn ewé rẹ̀ pọ̀, ẹ má lò ó.

OníAC Mọ́kọ́lá
Fáànù lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ń jò. Gáàsì AC kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Bó bá dín, ojú kan wà tó ń gbà jáde. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ wo páìpù alumíníọ̀mù méjì tó lọ sẹ́yìn, pàápàá ní tòsí táyà ẹ̀yìn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì l'Ámẹ́ríkà nígbà yìnyín máa ń jẹ ẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òkun. Ibi tí ẹ bá ti rí lẹ́búlẹ́bú funfun àti òróró tó di ẹrẹ̀ mọ́ eruku, ibẹ̀ ni.

Gáàsì nitrogen, 150 psi, pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ ni kí ẹ fi dán an wò. Atẹ́gùn fọganáísà ní omi nínú; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un sínú AC yín. Ẹ pààrọ̀ páìpù, nítorí gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ níbẹ̀. O-ring (rọ́bà ojú ìsopọ̀) tuntun tí a fi òróró AC ND-OIL 8 pa, dryer (ohun tó ń fa omi inú gáàsì) tuntun. Ẹ fi ẹ̀rọ vacuum fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú 45, ẹ ti géèjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15: ọwọ́ géèjì kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gáàsì R134a lórí òṣùwọ̀n, bí àkọlé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe sọ. Ẹ fi gọ́gù bojú o. Gáàsì náà lè dì sójú ènìyàn.

Awakọ̀ Ọ̀jọ̀ọ́
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣé a kò lè dí ti ẹ̀yìn pa ná, kí owó páìpù tó jọ?

OníAC Mọ́kọ́lá
Ẹ lè dí i níbi tó ti ya kúrò lára ti iwájú, àmọ́ àwọn èrò ìjókòó kẹta ni yóò jìyà rẹ̀ lóṣù kẹta. Iye gáàsì tó wà lórí àkọlé kò bá a mu mọ́. Ẹ máa fi í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì máa yí dé 1,500 rpm, kí blower (fáànù inú ọkọ̀) wà lórí èyí tó le jù. Bí atẹ́gùn tó ń wọlé bá wà láàárín 30 sí 35°C, géèjì búlúù (ti ìhà tí agbára gáàsì ti kéré) yẹ kó wà láàárín 21 sí 36 psi, pupa (ti ìhà tó ti ga) láàárín 199 sí 228. Gáàsì àpọ̀jù ló ń ti pupa kọjá 300 nínú gó-síló, ìyẹn ló sì ń pa kọ̀m̀prẹ́sọ̀.

Rìwáyà Abẹ́òkúta
Ní ti kọ̀m̀prẹ́sọ̀: bí gáàsì bá pé, tí búlúù ga tó 70, tí pupa kò sì kọjá 120, ó ti rẹ̀ nìyẹn. Bí òróró rẹ̀ bá ń dán bíi fàdákà lílọ̀, irin ló ti fọ́ sínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ kọndẹ́ńsà pẹ̀lú rẹ̀, torí irin náà ti há sínú kọndẹ́ńsà náà.