Ọmọ tó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì mi ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́

Tíṣà_Mókọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní kíláàsì àkànṣe kan n'Ìbàdàn níbí, kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé. Ìdánwò la fi ń ṣà wọ́n, ọmọkùnrin tí mò ń sọ yìí ló sì gba máàkì tó ga jù. Láti sáà kejì, orí tábìlì ló ń gbórí lé. Mo bá a wí títí. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ láti ọjà Bódìjà, níbi tó ti ń ta ẹ̀wà. Ìyá yẹn kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má lé ọmọ òun. Ojú tì mí, torí ó tó bí mi lọ́mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fún wọn ní ìbéèrè 20 lórí quadratic equation. Ó ṣe mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ó wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà gbọọrọ kan lórí 17 tó kù, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Bákan náà ni wọ́n." Mo fún un ní 3 nínú 20. N ò tíì sùn dáadáa látìgbà náà. Àwọn ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Màmá_Àpáta:
Ọmọ mi, ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà. Òótọ́ lọmọ yẹn kọ. Nígbà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni 17 yòókù fẹ́ kọ́ ọ? Tọ́mọ bá yára, a ó tún di irú iṣẹ́ kan náà rù ú, bí ìgbà tá à ń fìyà jẹ ẹ́. Mú un dé ibi tí kò dé rí. Bi í léèrè ìdí tá a fi ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta. Kó tú u palẹ̀: àádọ́ta dín márùn-ún ni, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá, ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Kó wá kọ òfin tí yóò pe nọ́ńbà gbogbo láti 1 dé 200. Má fi máàkì sí i o.

Akin_Sango:
Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní SS2. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ilé ló ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjọ́ tí mo wá gba 11 nínú 20, mo rò ó pé kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ sàn ju kí wọ́n pè mí ní olódo. Tí kíláàsì bá tú, ẹ dá a dúró, òun nìkan. Ẹ bi í pé aago mélòó ló ń jí.

Tíṣà_Mókọ́lá:
Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Akin, o ṣeun. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. N ò mọ̀ rárá, n ò sì béèrè rí.

Mo fún un níṣẹ́ nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́rú ló mú ojú ìwé mẹ́rin wá: láti 11 dé 14, à ń fi kún ẹ̀wá, láti 15 dé 19, à ń yọ kúrò nínú ogún. Ó wá na ìka sí ọgbọ̀n, ó ní: "Sà, 50 tọ ọ̀dọ̀ 60 lọ, 70 tọ ọ̀dọ̀ 80 lọ, kí ló dé tí 30 ní orúkọ tirẹ̀?" Mo ní n ò mọ̀, a jọ máa wá a. Ó fa àga, ó jókòó tì mí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tún gbórí lé tábìlì. N ò jí i.