Ṣé kí n ra àwo kejì Bonobo?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Orin oní-kọ̀ǹpútà tó rọra ń lọ jẹ́jẹ́ ni mo máa ń gbọ́ bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lóru. Animal Magic, àwo orin tí Bonobo, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, gbé jáde ní 2000, mo ti gbọ́ ọ débi pé ìyàwó mi náà ti mọ̀ ọ́n lórí. Ní báyìí, ẹnìkan fẹ́ ta ìkejì fún mi, Dial 'M' for Monkey ti 2003, àwo dúdú ńlá, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Mo ti tọ́ ọ wò. "Pick Up" wọ̀ mí lára gan-an: fèrè ń ké, ìlù ń sáré tẹ̀lé e, orí mi kàn ń mì fúnra rẹ̀ ni. "Nothing Owed" tutù bí omi àmù. Àwọn méje yòókù ló ń dà pọ̀ mọ́ra wọn létí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, ṣé ó máa ń dùn sí i tó bá yá? Àbí kí n jẹ́ kí owó mi sinmi?