Owó ilé ọdún kejì ló ń lé wọn padà sábẹ́ bíríìjì

Ẹ jẹ́ ká yéé pe gbogbo ẹni tó tún padà sábẹ́ bíríìjì Mọ́lété n'Ìbàdàn láti máa sùn ní ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ilé rí, àwọn míì lẹ́ẹ̀mejì. Owó ọdún àkọ́kọ́ máa ń rí aláàánú: ṣọ́ọ̀ṣì á dá a, ẹ̀gbọ́n á fi díẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó. Ta ní í dá ti ọdún kejì?

Ká ṣírò ẹ̀. Ká ní yàrá àti pálọ̀ ni, ₦200,000 lọ́dún. Ajẹ́ńtì gba ₦20,000, àgírímẹ́ǹtì ₦20,000, kọ́ṣọ̀n (owó ìdúró nítorí ohun tó bá bàjẹ́) ₦20,000. ₦260,000 ti lọ, kò tíì ra gílóòbù kan. Èyí tí kò pé, inú owó òwò ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń gbé àpò mẹ́ta l'Ọ́jà-Ọba á wá máa ra kóńgò mélòó kan lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, èrè á di tíńtín. Ló bá gba gbọ́mú-lé-lántà, ẹ̀yáwó elélé. Owó yẹn kì í dúró dọjà o; kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn tó yá a lówó ti dé. Tó bá fi máa di oṣù kẹwàá, ilé ṣì wà, òwò ti kú.

Àjọ ₦700 lójúmọ́: ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ₦21,000, alájọ yọ ti ọjọ́ kan, ó ku ₦20,300. Oṣù mẹ́wàá, ₦203,000. Ó pé! Àmọ́ ìparí oṣù ni alájọ ń kó o fúnni, ìkòkò ọbẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ rí i. Kọpuréétìfù tí kò ní jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ á fi pé ló dáa jù, kó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó wọlé.

—

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣírò owó ilé. Ẹrù lẹ ò tíì dárúkọ. Bí lánlọ́ọ̀dù bá ti jágbe, òru ni ayálégbé ń sá, á fi ẹrù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń san owó ọdọọdún, bí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló ní. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, nótíìsì ọjọ́ méje, kó tó kan kóòtù. Lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ dá ṣí páànù lórí èèyàn. Ẹni tó bá fi máṣíìnì ìránṣọ sílẹ̀ lóru, iṣẹ́ ẹ̀ ló fi sílẹ̀. Ajẹ́ńtì tó kàn á sì bi í pé, “Ta ni lánlọ́ọ̀dù yín tẹ́lẹ̀?” Kí ló fẹ́ sọ?

—

Ará Ìbàdàn á ní, “Ilé bàbá ẹ̀ ńkọ́?” Yàrá kan ṣoṣo nínú agboolé l'Ọ́jẹ̀, ọmọ mẹ́jọ ló ni ín. Wọ́n lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó àbúrò ti ń gbọn ẹní lójú ẹ̀.

Ilé tówó ẹ̀ wá rọjú, etí odò ló máa ń wà. Omíyalé ti 1980 ní Ògùnpa, 31 oṣù Kẹjọ ni. Ti 2011 nígboro Ìbàdàn, 26 oṣù Kẹjọ. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa: ó kù díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé. Omi á gbé bẹ́ẹ̀dì àti ọjà lọ, owó ilé ìwé á gba ìyókù. Ẹ bá wọn wo ara ògiri kí wọ́n tó sanwó. Bí ilà ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ajẹ́ńtì sọ pé ọ̀dà ló ṣí.